Kìíkanṣó Nínú Àgọ́ Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ má bi mí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó lórúkọ o, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti sùn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sì sẹ́ni tó jí i. Kìíkanṣó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí káfíńtà ni, káfíńtà tí kì í kan ìṣó. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mi ò sọ pé kò fẹ́ràn ìṣó, mo ní kì í kàn án rárá. Ẹ lè tú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ẹ ò ní í rí ẹyọ ìṣó kan níbẹ̀. Bó bá rí ìṣó lójú títì, á fẹsẹ̀ gbá a sínú gọ́tà, á wá máa nu bàtà mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tó tẹ ìgbẹ́ ajá.

Bàtà yẹn gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ tirẹ̀. Ó ra bàtà tuntun nígbà kan, ó wọ̀ ọ́ délé, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó wá rí ìṣó wẹ́wẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn padà lọ bá oníbàtà, ó ní kó yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, kó fi òwú rán an. Oníbàtà ní òun ò rí irú èyí rí. Kìíkanṣó ní, "O ti rí i báyìí. Rán an." Nílé ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri yàrá kó lè rí ibi fi aṣọ oníbàárà kọ́. Ọkùnrin yìí ò fojú ba oorun. Ó ní ìṣó yẹn ń wo òun. Ìyàwó rẹ̀ yọ ọ́ kúrò, kì í ṣe pé ó gbà pé ìṣó ní ojú, òun náà kàn fẹ́ sùn ni.

Kí ló wá fi ń so igi pọ̀? Ihò àti ahọ́n ni. Á gbẹ́ ihò sára igi kan, á gé orí èkejì kó dà bí ahọ́n, á fi òòlù onígi lu ahọ́n wọnú ihò, ó parí. Ṣísẹ́ẹ̀lì ló fi ń gbẹ́ ihò náà, irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tó mú bérébéré, tó ní ọwọ́ igi lẹ́yìn. Méje ló ní. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló kó wọn lé e lọ́wọ́ nígbà tí ojú ọ̀gá ò ríran mọ́. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ò ju ìka ọmọdé lọ, èyí tó fẹ̀ jù ń jẹ́ Ìyá Àgbà. Ìyàwó rẹ̀ rán aṣọ kan tó ní àpò méje fún wọn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé wọ́n ń sùn o, kì í ṣe èmi. Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó ń pariwo, á fọwọ́ bo aṣọ yẹn, á ní, "Ẹ rọra sọ̀rọ̀."

Bó bá pọ́n wọn tán, irun apá òsì rẹ̀ ló fi ń dán ẹnu wọn wò. Bó bá fá irun mọ́nránmọ́nrán láìfà, a jẹ́ pé ó ti mú. Fún ìdí èyí, apá òsì rẹ̀ ń dán gbinrin, ti ọ̀tún sì kún fún irun. Télọ̀ ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun ò mọ èwo ni òun fẹ́ nínú ọkùnrin méjèèjì tó ń sùn ti òun.

Ẹ̀yin náà rí i pé orí ọkùnrin yìí kò pé bíi ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò láfiwé, mi ò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ìyẹn kù. Àléébù kan ṣoṣo ló wà nínú iṣẹ́ náà: kò lè rí àlàfo kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pa ojú igi dé, tí afẹ́fẹ́ ò fi rí ibi gbà kọjá, ibikíbi tó bá ti rí ihò, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó kan ilé adìyẹ fún aládùúgbò kan rí. Ilé adìyẹ yẹn dára débi pé èèyàn lè gbé inú ẹ̀. Kò kàn sí ibi tí adìyẹ á gbà wọlé ni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kígbe lọ́jọ́ yẹn pé ẹnu ọ̀nà ò sí, kí ilé adìyẹ náà tó dé ọwọ́ aládùúgbò. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni, ó sì jọ ìyá tó bí Kìíkanṣó bí ẹni pé wọ́n fi ìyá yẹn tẹ̀ ẹ́ jáde, ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní Ìyá mi. Inú èérún igi ni Ìyá mi ti kọ́ ìrìn. Nígbà tó dàgbà, òun ló ń fa ìlà sára igi, bàbá ń gé e, òun ló sì ń dúró ti bàbá, tí á máa sọ pé, "Bàbá, ibí yẹn ò ní í dí o. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn." Á sọ ọ́ láìgbójú sókè, bàbá á sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìjanpata. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọdún yìí wá nìyẹn, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì mọ̀ pé iṣẹ́ gidi lọmọ yẹn ń ṣe.

Ìgbà tó yá ni Ìyá mi ríṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ni, ní ìlú tó jìn gan-an, wọ́n ń ṣe àga, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀dì. Inú Kìíkanṣó dùn, ó ń fò sókè, títí tó fi béèrè ohun tí wọ́n fi ń so igi pọ̀ níbẹ̀.

Ìyá mi ní, "Súkúrù ni, Bàbá. Àti gọ́ọ̀mù."

"Gọ́ọ̀mù kẹ̀?"

"Igi ọ̀hún náà, kì í ṣe igi lódindi. Èérún igi tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ ni."

Kìíkanṣó jókòó. Ó ní ohun tí òun ń gbá dà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni ọmọ òun fẹ́ lọ máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ọmọ ní iṣẹ́ ni, pé gbogbo èèyàn kọ́ ló lówó àga tó máa lo ọgọ́rùn-ún ọdún. Bàbá ní kó má lọ. Ọmọ ní òun á lọ. Ẹnu wọn le bákan náà, ẹni tó bá gbọ́ wọn á mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kan ni. Níkẹyìn bàbá ní, "Bó o bá ń lọ, má wá dágbére fún mi." Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó sọ ni, ó sì mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́, ojú wá ń tì í láti kó o padà. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń gbé inú ilé kan náà, ọmọ á wọlé, bàbá á jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, iṣẹ́ àgọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ló ní kó bá òun ṣe é: àgọ́ onípákó kékeré tí ẹnì kan á máa jókòó sí nínú, tí á máa ta tíkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé. Ó ti gé ọ̀pọ̀ igi rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kó wọn lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Òun nìkan ló lọ. Kò sí ẹni tó máa fa ìlà, kò sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

Ó dìídì lo irú ihò àti ahọ́n kan tó ń pè ní wọlé-má-jàáde, kó lè fi han gọ́ọ̀mù pé àgbà ṣì wà láyé. Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Á la orí ahọ́n, á ki ègé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sójú ibi tó là. Á gbẹ́ ihò kí inú rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bó bá ń lu ahọ́n wọlé, ègé igi yẹn á kan ìsàlẹ̀ ihò, á ya ahọ́n sí méjì lọ́hùn-ún, ahọ́n á fẹ̀, á há. Ó tán nìyẹn. Ẹ so màlúù mẹ́wàá mọ́ ọn kí wọ́n máa fà, màlúù ló máa kọ́kọ́ rẹ̀.

Ó ṣe ilẹ̀ àgọ́, ó ṣe apá ọ̀tún, ó ṣe apá òsì, ó ṣe iwájú pẹ̀lú fèrèsé onípátákó kan tí orí èèyàn lè gbà yọ ṣùgbọ́n tí èjìká ò lè gbà. Ó ku ẹ̀yìn. Inú àgọ́ ló wà tó ń ṣe é, ó sì ń bá ọmọ rẹ̀ jà lọ́kàn. Níwájú rẹ̀, láàárín òpó méjì, àlàfo kan ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn pákó ilẹ̀kùn tí ò tíì kàn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ? Ó mú pákó kan, ó gbẹ́ ihò, ó gé ahọ́n, ó tò ó sínú àlàfo náà, ó gbé òòlù. "Gọ́ọ̀mù!" Gbì! Ó mú òmíràn lé e lórí. "Súkúrù!" Gbì! Ó mú òmíràn. "Ó láyé ti yí padà!" Gbì! Gbì! Títí pákó fi dé òkè. Ojú igi pa dé, ó fi ìka wá ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà, kò rí i, inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀.

Ó wá yọrí ní fèrèsé, ó pe àwọn aláàárù pé kí wọ́n bá òun gbé òrùlé lé e. Wọ́n gbé e. Wọ́n fi òòlù lù ú láti òkè, òun ń darí ahọ́n sínú ihò láti ìsàlẹ̀. Ẹ lè ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò fi béèrè pé, "Bàbá, ibo lẹ máa gbà jáde?" Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò ó, ṣùgbọ́n òun ní àgbàlagbà ni, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Kìíkanṣó gbálẹ̀ inú àgọ́. Ó nu àwọn ṣísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó kì wọ́n bọ àpò wọn, ó ká aṣọ náà, ó fi há abíyá, ó yíjú sẹ́yìn láti jáde. Ó rí pákó. Ó yí sọ́tùn-ún, ó rí pákó. Ó wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Háà."

Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe ò ju kó mú Ìyá Àgbà, kó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ṣísẹ́ẹ̀lì méje wà lábíyá rẹ̀! Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò gé iṣẹ́ rẹ̀ rí, òun ni yóò wá bẹ̀rẹ̀? Ó yẹ ẹ̀yìn àgọ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká sọ tòótọ́, iṣẹ́ náà dára. Ó jókòó sórí àpótí kó lè ronú.

Ibi tó jókòó sí dojú kọ fèrèsé gan-an. Kò pẹ́ tí ìyá arúgbó kan tó gbé àpò ràgàjì kan fi wá dúró níwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì."

"Ìyá, èmi kọ́ ni mò ń tà á."

"Ohun tí gbogbo yín máa ń sọ nìyẹn. Ṣé àgọ́ tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ lèyí?"

"Òun ni, Ìyá."

"Ṣé o ò sí nínú ẹ̀?"

"Mo wà nínú ẹ̀."

"Kí la wá ń bá ara wa fà?"

Kó tó dá a lóhùn, ẹlòmíràn ti dúró sẹ́yìn ìyá náà, ẹlòmíràn tún dúró sẹ́yìn ẹni yẹn. Ẹ ò mọ ibùdókọ̀ yẹn. Wọn ò tò níbẹ̀ rí, ìjà ni wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n wọ́n rí fèrèsé tó dọ́gba, wọ́n rí àgbàlagbà tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tó fajú ro, wọ́n sì tò lọ rẹrẹẹrẹ bí ọmọ ilé ìwé.

Akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì gan-an dé, ọkùnrin kan tó máa ń so táì. Ó yí àgọ́ ká lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un yí. Ó fọwọ́ tẹ pákó níhìn-ín, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó ń ṣe bí ẹni tí kò wá nǹkan kan. Ojú ń tì í láti béèrè ibi tí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì òun wà. Nígbà tó wá síwájú tó fẹ́ bá Kìíkanṣó sọ̀rọ̀, àwọn tó wà lórí ìlà pariwo lé e lórí.

"Ṣé ojú ẹ ò rí wa ni? Lọ sẹ́yìn!"

"Èmi ni mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì!"

"O ń tà á, o wà níta? Lọ sẹ́yìn jàre!"

Ó lọ sẹ́yìn. Kí ni kó ṣe? Nígbà tó kàn án, òun àti Kìíkanṣó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wọ́n fi àdéhùn sí i pé akọ̀wé á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níta, á máa na tíkẹ́ẹ̀tì sí Kìíkanṣó nínú, Kìíkanṣó á máa nà án padà fún èrò níta. Àwọn èrò fara mọ́ ọn. Tíkẹ́ẹ̀tì tí akọ̀wé bá nà sí wọn tààrà, wọn ò gbà á, wọ́n ní kó jẹ́ kó gba ojú fèrèsé kọjá.

Ọ̀gá ibùdókọ̀ náà wá wò ó. Ó rí ìlà, ẹnu yà á. Ó fẹ̀yìn ti àgọ́, kò mì.

"Bàbá, iṣẹ́ yín yìí lágbára o. Ìgbà wo lẹ máa jáde?"

Kìíkanṣó ní, "Mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò láti inú."

Ọ̀gá náà mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Ẹni tí nǹkan ò yé ló máa ń mi orí bẹ́ẹ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí ni Télọ̀ gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ dé. Ó rí i ní fèrèsé, ó ń fún èèyàn ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ó yí lọ sẹ́yìn àgọ́, ó yí padà wá síwájú, ó káwọ́ lérí.

"Kìíkanṣó! Kìíkanṣó! Ilé adìyẹ ni ẹ tún kàn!"

"Rọra sọ̀rọ̀, èrò wà níbí."

"Ẹ jáde níbẹ̀!"

"Mo ń rò ó ni."

"Kí lẹ̀ ń rò? Ṣísẹ́ẹ̀lì wà lọ́wọ́ yín, ẹ gé e!"

"Kí n gé kí ni? Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi?"

Télọ̀ wò ó títí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ yín ń di ẹrù nílé. Ọkọ̀ ọ̀sán ló ń bá lọ. Bí kò bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbà, wọ́n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n fi gbà á. Ṣé ẹ ò ní í sìn ín dé ìdí ọkọ̀ ni?"

Kìíkanṣó ò mọ̀ pé òní ni. Ó yẹ kó sọ pé òun fẹ́ sìn ín, ẹnu rẹ̀ sì ti ṣí sí i, ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni, "Mo ti ní kó má dágbére fún mi." Télọ̀ gbé abọ́ oúnjẹ náà wọ fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ fi lù ú, ó ní, "Orí kunkun yín ló kan yín mọ́ inú ibẹ̀, kì í ṣe igi," ó sì yí ẹ̀yìn padà. Òótọ́ ló sọ. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá bá a sọ ọ́.

Bó ṣe lọ tán, Kìíkanṣó na tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún àwọn èèyàn, kò mọ ohun tó nà. Ojijì ló fa Ìyá Àgbà yọ nínú àpò. Ó ní òun á gé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé, ó gbé òòlù, ó lù ú. Pákó ò ṣe bí ẹni tó gbọ́. Ó tún lù ú, òógùn bò ó, èérún igi kékeré kan já bọ́, kò tó èyí tí wọ́n lè fi tayín. Igi líle ni, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé bí òun bá gé e láìdúró, àṣáálẹ́ ni òun tó lè yọ èjìká jáde. Láti ọdún yìí wá, ó ń fi iṣẹ́ yìí yangàn pé kò ṣeé tú. Kò ṣeé tú lóòótọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, tíkẹ́ẹ̀tì kan," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yíjú padà. Ìyá mi ni. Ó gbé ẹrù lé orí, ó fa báàgì lọ́wọ́, òun náà sì tò bíi ti gbogbo èèyàn. Kò bá ìyá rẹ̀ pàdé lọ́nà, kò mọ ẹni tó wà nínú àgọ́.

"Bàbá?"

Kìíkanṣó gbé ṣísẹ́ẹ̀lì pamọ́ sẹ́yìn. Ó jókòó. Ó tún kọ́là ẹ̀wù ṣe. "Níbo lò ń lọ?" Bẹ́ẹ̀ ló bi í, bó ṣe ń bi gbogbo èrò.

Ìyá mi sọ orúkọ ìlú náà.

"Ó jìnnà."

"Ó jìnnà, Bàbá."

Akọ̀wé na tíkẹ́ẹ̀tì wọlé, Kìíkanṣó gbà á, kò nà án jáde. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá mi ń wo òkè àgọ́, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tọ ojú igi kiri bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi ìlà sílẹ̀, ó yí lọ sẹ́yìn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde láti ẹ̀yìn àgọ́, ẹ̀rín ọmọ náà, ó ń rín in títí tó fi ń húkọ́. Kìíkanṣó gbọ́ ọ láti inú, ẹ̀rín gba òun náà lẹ́nu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, pákó wà láàárín wọn.

Nígbà tí ọmọ yẹn padà síwájú, omi ti kún ojú rẹ̀, ẹ ò sì lè sọ pé ti ẹ̀rín nìkan ni.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ibí yẹn máa dí?"

"Ìwọ ò sí níbẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ta ni ì bá sọ fún mi?"

Ìyá mi gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lórí. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù. Ó ní, "Ẹ na Ìyá Àgbà sí mi. Ìta ló máa yá láti gé. Ẹ̀yin ẹ lù ú láti inú, èmi á máa gé e láti ìta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti jáde."

"Ọkọ̀ ẹ ńkọ́?"

"Ṣé kí n fi yín sílẹ̀ sínú pákó kí n máa lọ ni? Ẹ na ṣísẹ́ẹ̀lì wá, Bàbá."

Ní ìdí ọkọ̀ lọ́hùn-ún, dírẹ́bà tẹ fèrè. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, mi ò ní í bo ọkùnrin yìí láṣìírí: inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ dùn gan-an ni. Kò ní í bẹ̀bẹ̀, kò ní í jà. Kó ṣáà na ṣísẹ́ẹ̀lì kan, ọkọ̀ á lọ, wọ́n á fún ẹlòmíràn níṣẹ́ gọ́ọ̀mù yẹn, ọmọ rẹ̀ á sì bá a relé lálẹ́. Kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Igi ló há a mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti di ọwọ́ igi Ìyá Àgbà mú, ó ti gbé e dé ojú fèrèsé. Ó wá rí ọwọ́ ọmọ náà tó nà, tó ṣí sílẹ̀ dè é, ọwọ́ tó ti le bíi tirẹ̀, tí ojú ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Kò sí ohun tí ọwọ́ yẹn ò lè ṣe. Òun ló kọ́ ọ.

Ó kì Ìyá Àgbà padà sínú àpò rẹ̀. Ó ká aṣọ náà, ó fi okùn rẹ̀ dì í. Ó ki gbogbo rẹ̀ jáde lójú fèrèsé, ṣísẹ́ẹ̀lì méjèèje, ó fi tíkẹ́ẹ̀tì lé e lórí.

"Gbà. Máa kó wọn lọ."

"Bàbá, kí lẹ máa fi ṣiṣẹ́?"

"Máa lọ, mo ní."

"Kí lẹ máa fi jáde?"

"Kò kàn ọ́. Ìyá mi, jọ̀ọ́, dírẹ́bà yẹn ò ní í dúró. Bí wọ́n bá fún ẹ ní gọ́ọ̀mù, lo gọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ tí gọ́ọ̀mù ò bá wá dì í mú, wàá ní nǹkan lọ́wọ́." Ó ti aṣọ náà sún mọ́ ọn. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, pé kó o má dágbére fún mi, mi ò rò ó kí n tó sọ ọ́. Ó dùn mí."

Ọmọ náà ki ọwọ́ méjèèjì bọ fèrèsé, ó di orí bàbá rẹ̀ mú, ó fi iwájú orí tirẹ̀ kàn án. "Bàbá, ó dàbọ̀ o," ló wí. Ó tún un wí. Akọ̀wé ti gbé ẹrù rẹ̀, ó ń sáré lọ sí ìdí ọkọ̀, táì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn, Ìyá mi sáré tẹ̀ lé e, ó fi aṣọ ṣísẹ́ẹ̀lì há abíyá.

Ìyẹn ni Télọ̀ bá, òun náà ń sáré bọ̀. Ilé ló gbà lọ tí kò bá ọmọ. Ọmọ dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó wọlé, ọkọ̀ gbéra. Láti inú àgọ́, ibi tí fèrèsé dojú kọ, èèyàn ò lè rí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà jáde. Kìíkanṣó yọrí títí tí etí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, kò rí i.

Télọ̀ wá dúró síwájú rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

"Ibo ló jókòó sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni."

"Ṣé ó wo ibí?"

"Ó ń wò yín títí tí wọ́n fi yà lọ́nà," ni Télọ̀ wí. Ó wo abíyá ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀ àgọ́, ó wo gbogbo ibẹ̀. "Àwọn ṣísẹ́ẹ̀lì yín dà?"

"Mo ti kó wọn fún un."

Télọ̀ ò pariwo. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé kò pariwo nìyẹn. Ó ki ọwọ́ bọ fèrèsé, ó fi í lé apá òsì ọkọ rẹ̀, níbi tí kò nírun. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ti yọ pẹ̀lú káfíńtà oníṣòó kan láti òdìkejì títì, ayùn ńlá wà lọ́wọ́ ìyẹn, wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Bàbá, ṣé ká máa gé e?" ni oníṣòó béèrè.

"Ẹ máa gé e," ni Kìíkanṣó wí. "Níbikíbi tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sunkún tán ná."

Ó fa pátákó fèrèsé pa dé. Wọ́n ń gbọ́ ọ láti ìta. Ẹnì kan níwájú ìlà fẹ́ kan fèrèsé pé ọkọ̀ tòun náà ti fẹ́ lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fà á lẹ́wù. Oníṣòó gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó tì í. Gbogbo wọn sì dúró dè é.